Abọ́ Ẹran Tí Kò Níyọ̀

Ẹnu Àlàájà Sífáwù, ìyá ìyàwó mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdí ìtàn yìí. Èmi ni àìsàn náà ṣe o, ara mi ló wú, èmi ni mo dùbúlẹ̀ tí mo ń wo àjà. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, òun ló mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì jókòó sórí ẹní níwájú mi, nílé rẹ̀ ní Hajúnì, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ ń ṣe lónìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó fo ibì kankan.

Télọ̀ ni mí. Bàgídádíyà ní Jẹ́dà ni mo ti ń ránṣọ, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi dé láti Súdáànì, mo ṣe Háájì tán, mo ní kí n ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí n tó padà sílé. Ọdún kan di mẹ́ta, mo fẹ́ Mọ́ríámọ̀, a bí ọmọ wa Mọ́dínà, ilé sì jìnnà sí i. Ìwé tí mo fi wọ ìlú ti kú tipẹ́. Ìkámà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń gbé ibẹ̀, n kò ní in. Ẹ rántí èyí, nítorí ó wà lára ohun tó dá mi dúró nígbà tó yẹ kí n sáré.

Ó tó ọdún kejì tí ọba àgbà ilẹ̀ Sáúdí kú tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀. Bí mo bá jí, ìpéǹpéjú mi á wúwo bí ti ẹni tó sunkún mọ́jú. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti lọ sílẹ̀. Àlàájì Bùráímọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta sálúbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò rí àìsàn níbẹ̀ rárá.

“Télọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń yọ o. Kí ni ìyàwó rẹ ń fún ọ jẹ tí àwa ò rí jẹ?”

“Ohun tí tìrẹ ń fún ọ náà ni.”

“Irọ́ ni. Sọ fún un kó rọra, kí aga yẹn má baà fọ́ mọ́ ọ nídìí.”

A rẹ́rìn-ín. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí ọkùnrin tín-ín-rín ni mí láti kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, okùn sálúbàtà mi sì já. Mo wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo fi ìka tẹ ojúgun mi, ìka náà wọlé, nígbà tí mo sì gbé e kúrò, ihò tó dá dúró síbẹ̀, kò padà. Ìtọ̀ mi ti dín kù, ó pọ́n, ó sì ń hó bí omi ọṣẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń ti àtẹ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú gìgísẹ̀.

Nígbà tí Mọ́ríámọ̀ rí ẹsẹ̀ mi, àṣírí tú, gbogbo ayé sì di oníṣègùn. Bùráímọ̀ mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ènìyàn. Ìyàwó mi gba omi hàǹtú lọ́wọ́ àfáà kan, mo mu ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láti Mẹ́kà, ìyá ìyàwó mi fi oyin àti hóró dúdú tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe oògùn ránṣẹ́. Kò sí èyí tí mi ò lò, mi ò sì bú èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lò wọ́n nítorí pé mò ń bẹ̀rù akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kó má baà bi mí léèrè ìkámà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, omi tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ mi gun orí eékún, ó dé itan, ó dé ikùn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni a dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí mo lọ, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ti tò mọ́ ògiri ju àádọ́ta lọ. Oòrùn yọ, ó gun ògiri, ó bá wa níbi tí a jókòó sí. Bí ẹnìkan bá dìde láti tọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún gba àyè rẹ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Èmi kò dìde. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé náà na ọwọ́, mo sì fi ìwé ìrìnnà mi tó ti kú lé e lọ́wọ́. Ó wo fọ́tò inú rẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó tún wo fọ́tò náà.

“Ìwọ kọ́ nìyí,” ló wí.

“Èmi ni.”

“Ẹni inú ìwé yìí ní ọrùn. Ìwọ ò ní.”

“Ọrùn náà ni mo ní kí ẹ bá mi wá.”

Ẹni tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́, ó pa ìwé náà dé láìwo ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún mi. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá kò rí i ni, tàbí ó rí i tó dákẹ́.

Ará Íjíbítì ni dókítà náà, àgbà ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yára. Ó da ìtọ̀ mi díẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín kan, ó gbé e sórí iná. Níṣojú mi ni ìtọ̀ náà ṣe dì, ó funfun bí ẹyin tí a sè. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́.

“Kíndìnrín rẹ méjèèjì ló ń ṣàìsàn,” ó wí. “Iyọ̀ ló ń di omi mọ́ ọ lára. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu, kì í ṣe díẹ̀, kì í ṣe tọ́wò. Kò gbọdọ̀ sí wàrà oníyọ̀, kò gbọdọ̀ sí òróró púpọ̀. Ẹran tútù díẹ̀ lóòjọ́, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Tí omi yìí bá dé àyà rẹ, mi ò lè fà ọ́ padà.”

Mo tún ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí Mọ́ríámọ̀ bi mí pé kí ni dókítà wí, mo ní, “Ó ní kí n dá iyọ̀ dúró ná.” Ìyẹn nìkan. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni mo gbé délé, mo gbé ìdajì kejì mì.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. A ti ṣọ́ọ̀bù, a ta aṣọ tí mo kó jọ láti ra abẹ́rẹ́ àti oògùn, a ò sì rí owó ilé san mọ́. Ni ìyá ìyàwó mi bá ní ká kó wá sọ́dọ̀ òun ní Mẹ́kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Àlàájà Sífáwù jẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Hajúnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹran Mínà. Lọ́jọ́ Iléyá, tí àwọn oníhájì bá pa ẹran tí ẹran sì pọ̀ ju ẹnu lọ, òun àti àwọn obìnrin wa á lọ kó èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n á là á pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ọwọ́ pa nǹkan sí i lára, wọ́n á sá a sórí àpáta títí á fi le bí awọ. Èyí ló ń tà yípo ọdún fún àwa aláwọ̀ dúdú láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí àwọn ará ìlú ń pè ní Tàkúrúnì. Gbogbo wa là ń jẹ ẹ́, gbogbo wa la sì gbà pé ìbùkún wà nínú rẹ̀. A máa ń fi í ránṣẹ́ sílé fún aláboyún.

Nígbà tó rí mi, ó ní, “Bàbá Mọ́dínà, kí ló dé?”

Mo ní, “Ó rẹ̀ mí ni, Màmá. Wọ́n ní kí n má jẹ iyọ̀ fún ìgbà díẹ̀.”

Ṣé èmi ọkọ ọmọ ni mo máa jókòó síwájú ìyá ìyàwó mi, tí mo máa ní wọ́n ti sọ fún mi pé mo lè kú?

Oúnjẹ tí kò níyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì dà bí òwú lẹ́nu mi, ọbẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Mo ń bì í. Ní ọjọ́ kẹfà, Mọ́ríámọ̀ gbé abọ́ jókòó tì mí, omijé kàn ń bọ́ sínú oúnjẹ náà. Mo fẹ́ fi ṣe àwàdà pé omijé níyọ̀, mi ò rí okun sọ ọ́.

Aládùúgbò wa tó ń gbé nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni Ọlọ́run fi ràn wá lọ́wọ́. Àlàájà Sítì ni orúkọ rẹ̀, opó ni, ará Pàtánì, lọ́hùn-ún ní ìlà oòrùn. Ní Mẹ́kà, Jáwà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Lárúbáwá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tiwa wọ́, tirẹ̀ náà wọ́, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ra. Ó gbọ́ tí mò ń bì lójoojúmọ́, ó bi ìyàwó mi léèrè, lọ́jọ́ kejì ó gbé abọ́ kékeré kan gòkè wá. Ẹran gígé wẹ́wẹ́ ni, ewé tútù pọ̀ nínú rẹ̀, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sì ta sí mi nímú kó tó gbé e sílẹ̀.

“Kò níyọ̀,” ó wí. “Nílé wa, omi ẹja oníyọ̀ la ń fi sí i. Mo yọ ìyẹn kúrò. Jẹ ẹ́ wò.”

Mo jẹ ẹ́. Ó kan, ó ta, ewé rẹ̀ tutù lọ́fun, nǹkan kan tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Mọ́ríámọ̀ yíjú sógiri.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi á sọ̀ kalẹ̀ lọ gba abọ́ náà lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á bù ú sínú àwo mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, mò ń tọ̀ dáadáa. Ikùn mi rọ̀. Egungun ẹsẹ̀ mi yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé, ọrùn mi padà dé. Ara mi tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń padà bọ̀ yẹn. Mo ń dúpẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi, tó jẹ́ pé ara wíwú ni ojú rẹ̀ ti mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn sí i. Mo rò pé ó ti mọ́ ahọ́n mi lára ni. Mo ní kí Mọ́ríámọ̀ bá mi kí Àlàájà Sítì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún. Ìyá ìyàwó mi ní, “Àlhámúdúlíláì, ara ti ń bọ̀ sípò.” Bùráímọ̀ bẹ̀ mí wò láti Jẹ́dà, ó ní, “Télọ̀, o ti ń dà bí ènìyàn padà.” Gbogbo ilé ń yọ̀. Èmi nìkan ni mo fi ìka tẹ ojúgun mi lábẹ́ aṣọ, tí ihò náà sì dúró síbẹ̀.

Kò pẹ́, mi ò lè sùn sílẹ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dà bíi pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà. Àfi kí n fara ti ògiri.

Wọ́n gbé mi padà sí Jẹ́dà. Dókítà gbé ìtọ̀ mi sórí iná, ó dì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń lé omi jáde, ó sì yíjú sí mi. “O ń jẹ iyọ̀.”

“Wàláhì, mi ò jẹ ẹ́.”

“Ìwọ ń purọ́ fún mi, tàbí ẹnìkan ń purọ́ fún ìwọ. Lọ wádìí rẹ̀. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì rí báyìí sí i, má wulẹ̀ dààmú ara rẹ láti wá.”

Nígbà tí a délé, Bùráímọ̀ tó sìn wá bọ̀ ti dá ẹjọ́ náà. “Obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn ni. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé omi ẹja oníyọ̀ làwọn fi ń sè é. Àbí ta ló tún ń dáná fún un?” Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ìyá ìyàwó mi jókòó, ó ń fi etí ìborùn nu ọwọ́. Mọ́ríámọ̀ sọ̀ kalẹ̀, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ látòkè. Ó ń bi Àlàájà Sítì pé kí lọkọ òun ṣe fún un.

Ká tó mọ̀, Àlàájà Sítì ti gòkè. Ó gbé pákó ìgẹ́ran lọ́wọ́, ọ̀bẹ méjì àti ẹran àgùntàn tútù wà lórí rẹ̀. Ìbínú kò jẹ́ kó kí wa. Ó gbé ààrò wa sáàárín, ó ní, “Kí gbogbo yín wò mí.”

A wò ó. Ó mú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń gé ẹran náà, ó ń yí i, ó ń gé e, títí tó fi kúnná tó sì lẹ̀ mọ́ra. Ó yan ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ nínú páànù láìsí òróró, títí tó fi pọ́n tí ilé ń ta sánsán, ó gún un kúnná díẹ̀. Ohun tó ń dún lẹ́nu mi nìyẹn. Ó da omi tí kò kún ife kan sínú ìkòkò, ó da ẹran sí i, ó ń rò ó títí kò fi sí ibi tó pọ́n mọ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, ó bu ata gbígbẹ, ó ja ewé míńtì àti àlùbọ́sà eléwé lé e lórí, ó wá wọ́n ìrẹsì náà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú wa bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ yẹ̀ wò.

“Níbo ni iyọ̀ wà?”

Ó fi ewé lẹ́túùsì bu ẹran náà, ó fún mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Mo tún bù ú.

“Àlàájà,” ni mo wí, “ẹ má bínú. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dùn ju èyí lọ.”

“Bákan náà ni mò ń sè é. Mi ò yí nǹkan kan padà rí.”

Ìyá ìyàwó mi dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tó ṣí àpótí. Ó padà pẹ̀lú àpò aṣọ kékeré kan, ó jókòó sórí ẹní níwájú mi, ó tú ẹnu àpò náà. Ẹran Mínà ni, ó gún un lúbúlúbú bí elùbọ́.

“Èmi ni,” ó wí. “Mi ò fi iyọ̀ sí i o, Bàbá Mọ́dínà. Èyí ni mò ń wọ́n sí i. O ń fọn. Mo ń wò ọ́, o ń gbẹ lójoojúmọ́, mo ní ẹran ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kò lè gbé ọkùnrin ró. Mo ní kí ìbùkún Mínà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kún, mo ní Ọlọ́run gbọ́ tèmi.”

Mọ́ríámọ̀ fi ìka kan án, ó fi lá. Ó wo ìyá rẹ̀. “Màmá, iyọ̀ ni.”

“Ẹran ni.”

“Kí lẹ fi ń pa á lára ní Mínà kẹ́ ẹ tó sá a?”

Àlàájà Sífáwù ti ìka bọ àpò náà. Òun náà tọ́ ọ wò, ó pẹ́ kó tó gbé e mì. “Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń jẹ ẹ́,” ó wí. “Mi ò pè é ní iyọ̀ rí. Ẹran ni mò ń pè é.”

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un kó má baà sunkún, ikùn mi kò gbà fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì. Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn, pé bí omi bá dé àyà mi, dókítà ní òun kò lè fà mí padà, pé ó sì ti ń dé ibẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi ní, “Ìgbà wo ló ti sọ ọ́?”

“Lọ́jọ́ àkọ́kọ́.”

“Ta lo sọ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnìkan. Ojú ń tì mí.”

Ó nu ojú rẹ̀. “Ìtìjú rẹ ló so ọ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi ló ń bọ́ ọ ní májèlé. Ká ní o sọ̀rọ̀, ṣé mo máa fọwọ́ kan àwo rẹ?”

Àlàájà Sítì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti rí àpò náà. Mọ́ríámọ̀ kúnlẹ̀ fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní Lárúbáwá. Obìnrin náà tọ́ ẹran Mínà náà wò, ó gbé orí sókè, ó ní, “Ó dùn. Ẹ fún mi díẹ̀, èmi ò ṣàìsàn.” Ẹ̀rín pa wá. Èmi rẹ́rìn-ín títí èémí mi fi fẹ́ gé, wọ́n sáré gbé mi ti ògiri.

Ọjọ́ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ló le jù. Àlàájà Sítì gòkè wá se é níwájú mi lójoojúmọ́, ìyá ìyàwó mi jókòó tì í, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Lójoojúmọ́ ni Mọ́ríámọ̀ fi okùn wọn ẹsẹ̀ mi, ó ń ta kókó síbi tó dé. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, okùn náà dé ojú kan náà. Mo ti ń sọ ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n mú Mọ́dínà lọ bí mo bá kú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fà sẹ́yìn ní ìbú ìka kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo sùn.

Háájì mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti padà sí Bàgídádíyà, mò ń ránṣọ, ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi ń ti àtẹ̀sẹ̀ náà. Mi ò ní purọ́ pé ara mi padà sí ti àtijọ́. Bí dókítà bá gbé ìtọ̀ mi sórí iná, ó ṣì máa ń rú díẹ̀. Ó ní títí ayé ni mo bá iyọ̀ pínyà. Láàárọ̀, Mọ́ríámọ̀ á wo ìpéǹpéjú mi kó tó kí mi. Ẹran Pàtánì náà, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń sè é fún mi báyìí, Mọ́dínà ló ń ja ewé sí i, Lárúbáwá ló sì fi ń sọ fún mi pé ó ti tó, kí n yé fún ọsàn sí i. Àlàájà Sífáwù ṣì ń lọ sí Mínà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó bi í pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́, ṣé ẹsẹ̀ ẹni náà kì í wú.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kíndìnrín rẹ ń ṣàìsàn, tó o sì ti délé lónìí, ẹni tó ń bu oúnjẹ sínú àwo rẹ, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ náà lo sọ fún un, àbí ìdajì?